Paul Ehrlich, dókítà aláró tó ń wá májèlé tó mọ ilé ọ̀tá

Irú oògùn jẹjẹrẹ kan wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá lónìí, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n so májèlé mọ́ ẹ̀ṣọ́ lára. Ẹ̀ṣọ́ náà ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní antibody. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ọ̀tá kiri nínú ara, kó sì dì mọ́ ọn. Bó bá ti dì mọ́ ọn tán, májèlé tó gbé wá yóò pa ọ̀tá náà. Ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe oògùn yìí ń bá jà títí di òní ni pé: ibo gan-an lára ẹ̀ṣọ́ yìí ló yẹ ká so ẹrù mọ́?

Ẹni tó kọ́kọ́ lá àlá irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti kú láti ọdún 1915. Paul Ehrlich lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ìtàn rẹ̀ la mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí. Aró wà nínú rẹ̀, ibà wà nínú rẹ̀, èso ojú ológbò náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìtàn àjèjì pátápátá.

Ọmọ tó fẹ́ràn aró ju ìwé lọ

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1854 ní Strehlen, ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ ìjọba Prussia nígbà náà. Lónìí, ilẹ̀ Poland ni ìlú náà bọ́ sí, Strzelin ni wọ́n sì ń pè é. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Ismar, bàbá rẹ̀, ní ilé èrò, ó ń pọn ọtí tà, ó sì ń bá ìjọba gba owó lọ́tìrì. Ìyá rẹ̀ ni Rosa Weigert. Mọ̀lẹ́bí ìyá yìí kan, Karl Weigert, tó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Paul lọ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi aró ilé-iṣẹ́ kun kòkòrò àrùn kí ojú lè rí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Paul ti kó àìsàn aró, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì ti ń fi ọ̀dà tó ń jáde lára èédú ṣe oríṣiríṣi aró tuntun fún aṣọ. Paul kàwé ní yunifásítì Breslau, Strasbourg, Freiburg àti Leipzig, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ máa ń fi yangàn. Ní Strasbourg, tábìlì rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: pupa, búlúù, yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ ti rin igi náà. Ìwé tó fi gba oyè dókítà ní Leipzig lọ́dún 1878 dá lórí bí a ṣe ń fi aró kun ẹran ara.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti aláró rí yóò mọ ohun tó ń ru ọkùnrin yìí lọ́kàn sókè. Ẹ ki aṣọ òwú bọ inú ìkòkò aró, yóò mu ún dáadáa. Ẹ ki aṣọ ọ̀rá bọ inú ìkòkò kan náà, ẹ fi omi ṣàn án, aró ti lọ. Aró kò yàtọ̀, omi kò yàtọ̀, aṣọ ló yàtọ̀. Ehrlich rí i lábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ara. Aró kan máa ń mú irú sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi mọ ara wa, kò sì ní mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ló gbà ya oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kó sinmi títí ó fi kú: bí aró bá lè mọ ibi tó ń lọ, ṣé májèlé kò lè mọ̀ ọ́n?

Ikọ́ ẹ̀gbẹ, Íjíbítì àti ibà

Ní 1878 ni wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn Charité ní Berlin. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1882, ó wà nínú gbọ̀ngàn nígbà tí Robert Koch fi kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ehrlich lọ tààrà sídìí aró rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi rí ọ̀nà tó dára ju ti Koch lọ láti fi aró mú kòkòrò náà. Wọ́n máa ń sọ pé ó fi àwọn dígí tó ti kùn sórí sítóòfù tútù lálẹ́, ẹni tó ń tọ́jú yàrá dá iná sí i láàárọ̀, ooru náà ló sì jẹ́ kí aró dì mọ́ kòkòrò dáadáa. Koch fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀nà Ehrlich ló dára jù.

Ó fẹ́ Hedwig Pinkus ní 1883, wọ́n sì bí ọmọbìnrin méjì, Stephanie àti Marianne. Àmọ́ ikọ́ tó ń fi aró wá nínú itọ́ àwọn aláìsàn wá bá a nínú itọ́ ara tirẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Íjíbítì, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ó sì móoru. Nígbà tó padà sí Berlin ní 1889, ara rẹ̀ ti yá ṣùgbọ́n kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó gba yàrá kékeré kan, ó ń ṣe ìwádìí fúnra rẹ̀, kí Koch tó pè é wá sí ilé-ìwádìí tuntun tirẹ̀.

Ibẹ̀ la ti dé ọ̀rọ̀ ibà. Ehrlich ti kíyè sí i pé aró búlúù kan, methylene blue, máa ń mú kòkòrò ibà. Ó ní bó bá lè mú un, bóyá ó lè pa á. Ní 1891, òun àti Paul Guttmann fún aláìsàn ibà méjì ní aró náà mu, ara àwọn méjèèjì sì yá. Aró ilé-iṣẹ́ ni o, kì í ṣe ewé, kì í ṣe èèpo igi. Kínínì ṣì lágbára jù ú lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé ojú ọ̀nà tí òun ń wò kì í ṣe àlá lásán.

Èso ojú ológbò tó kọ́ eku lógun

Àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mọ ojú ológbò: èso wẹ́wẹ́ tó pupa fòò, tó ní ojú dúdú kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rún un lẹ́nu o, oró inú rẹ̀ ń pani. Oró yẹn, pẹ̀lú èyí tó wà nínú kóró lárà, ni Ehrlich mú lọ sídìí eku rẹ̀. Ó ń fún wọn jẹ díẹ̀díẹ̀, bíńtín lónìí, ó fi díẹ̀ lé e lọ́la. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eku náà lè jẹ ìwọ̀n tí ì bá ti pa á lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: eku tó ti mọ́ oró lárà lára kò ní ààbò kankan lọ́wọ́ oró ojú ológbò. Ohun tí ara rẹ̀ ṣe láti gbèjà mọ ọ̀tá kan ṣoṣo, kò mọ èkejì.

Ó tún ṣe nǹkan mìíràn tí inú àwọn ìyá yóò dùn láti gbọ́. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá eku tí kò ní ààbò, ó gbé wọn fún ìyá eku tó ní ààbò pé kó máa fún wọn lọ́mú. Àwọn ọmọ náà ní ààbò. Inú ọmú ni wọ́n ti mu ún. Iṣẹ́ tó ṣe ní nǹkan bí 1892 nìyẹn, ohun tí àwọn agbẹ̀bí wa sì ń sọ fún àwọn aboyún nípa ọmú ìyá títí di òní kò jìnnà sí i.

Nígbà tí òṣùwọ̀n kò bára mu

Àrùn kan wà tó ń jẹ́ dìfítẹ́ríà. Awọ kan máa ń yọ lọ́fun ọmọdé, á dí ọ̀nà èémí, ọmọ á sì kú. Ó pa ọmọ púpọ̀ ní Yúróòpù láyé ọjọ́un. Ní 1890, Emil Behring àti Shibasaburo Kitasato ará Japan fi hàn pé bí a bá ti fún ẹran ní oró àrùn náà díẹ̀díẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gba ẹlòmíì là. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi yìí lára ẹṣin, wọ́n ń tà á.

Ìṣòro ibẹ̀ kò ní ṣòro fún ẹni tó ń lọ ọjà láti mọ̀. Agolo tí ìyá kan fi ń wọn gàrí ní ìsàlẹ̀ tó ga, ti ìyá kejì ti wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin rí. Ìgò ti òní lágbára, ìgò ti ọ̀la dà bí omi lásán, dókítà kò sì mọ èyí tó ń fún ọmọ. Ehrlich ló tún èyí ṣe. Ó kọ́ àwọn ará iṣẹ́ bí a ṣe ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin lágbára, ó sì dá òṣùwọ̀n kan sílẹ̀. Ó gbẹ omi ẹ̀jẹ̀ kan tó mọ agbára rẹ̀, ó fi pamọ́ sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ó ní gbogbo ìgò tuntun gbọ́dọ̀ wá bá èyí díje kó tó jáde tà. Lójú tèmi, èyí tóbi ju gbogbo ohun mìíràn tó ṣe lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n máa ń sọ jù.

Owó tó wá lára oògùn náà bọ́ sápò Behring. Behring náà ló gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní 1901. Ohun tó kan Ehrlich kò tó nǹkan, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì sì tutù láti ìgbà náà. Ìjọba gbé e fún un láti darí ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ omi ẹ̀jẹ̀ wò, lákọ̀ọ́kọ́ ní Steglitz lẹ́bàá Berlin ní 1896, lẹ́yìn náà ní Frankfurt ní 1899. (Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Togo báyìí ní ti dìfítẹ́ríà nínú. Ìyẹn ń kọ́ ara ọmọ láti jà fúnra rẹ̀. Ti ayé Ehrlich, ogun tí ẹṣin ti jà tán ni wọ́n ń yá lò.)

Ọwọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, ọta tó mọ ilé

Ní 1897 ló gbé àlàyé rẹ̀ jáde. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ní nǹkan bí ọwọ́ lára, tó fi ń mú oúnjẹ. Oró àrùn máa ń bá ọ̀kan nínú ọwọ́ wọ̀nyí mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo rẹ̀ mu, á sì dì mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì á wá hu ọwọ́ mìíràn dípò rẹ̀, á hù ú ní àhùjù, èyí tó pọ̀ jù á já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó já bọ́ yẹn ni yóò máa pàdé oró lọ́nà kó tó dé ilé. Àwọn onímọ̀ ti tún apá púpọ̀ ṣe nínú àlàyé yìí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ṣì dúró. Ní 1908, òun àti Élie Metchnikoff, ará Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Institut Pasteur ní Paris, jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Metchnikoff gbà pé sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé kòkòrò mì, Ehrlich gbà pé èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jà. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

Ehrlich wá ronú síwájú. Bí irú ẹ̀ṣọ́ yìí bá lè rí ọ̀tá láìfọwọ́ kan ará ilé, a jẹ́ pé ènìyàn lè ṣe oògùn tó ní apá méjì: apá kan tó ń di ọ̀tá mú, apá kejì tó ń pa á. Ó fi wé ọta ìbọn inú àlọ́ àwọn ará Jámánì, ọta tí kì í ta ibòmíràn àyàfi ibi tí ọdẹ rán an.

Ó kú tán, ọgọ́ta ọdún kọjá kí ọwọ́ tó tẹ irú ọta bẹ́ẹ̀. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà láti ṣe antibody kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ yanturu. Oògùn jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n so májèlé mọ́ antibody gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2000. Òmíràn fún jẹjẹrẹ ọmú, trastuzumab emtansine, gbà á ní 2013.

Ẹ fojú inú wo antibody bí igi oníga méjì tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe róbà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Ṣóńṣó méjì òkè ló ń di ọ̀tá mú. Nínú àwọn oògùn àkọ́kọ́, wọ́n kàn da májèlé pọ̀ mọ́ antibody ni, ibi tó bá bá, á lẹ̀ mọ́. Antibody kan á gbé ẹyọ kan, òmíràn á gbé méje, òmíràn kò gbé nǹkan kan. Èyí tó gbé ẹrù púpọ̀ jù, ara tètè máa ń kó o dànù. Èyí tí ẹrù lẹ̀ mọ́ lẹ́nu ṣóńṣó lè má lè di ọ̀tá mú mọ́. Àfi bí ẹni tó di àpò àgbàdo mọ́ ọwọ́ alùpùpù zémìjàn: ọkọ̀ wà, ẹrù wà, ṣùgbọ́n kò ní lè yà sí ibi tó ń lọ. Ní 2008, àwọn oníwádìí ilé-iṣẹ́ Genentech ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde pé àwọn ti pààrọ̀ ẹyọ èròjà kan lára antibody, kí ibi tí ẹrù yóò so mọ́ lè jẹ́ ibi kan pàtó, méjì péré lára igi kan. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ẹranko, agbára rẹ̀ kò dín kù, ìpalára rẹ̀ sì kéré sí ti àtijọ́. Àwọn mìíràn ń so ó mọ́ ṣúgà tó wà lára ìdí igi náà, tó jìnnà sí ṣóńṣó. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n náà ló tún padà wá, èyí tí Ehrlich bá jà nídìí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin.

Nọ́mbà 606

Ṣùgbọ́n ní ayé tirẹ̀, kò sí bó ṣe lè so nǹkan mọ́ antibody. Nítorí náà ó yí padà sí oògùn ilé-iṣẹ́, kó wá èyí tí yóò di kòkòrò mú fúnra rẹ̀. Franziska Speyer, opó olówó báǹkì kan ní Frankfurt, fi owó kọ́ ilé-ìwádìí fún un, Georg-Speyer-Haus, tí wọ́n ṣí ní 1906.

Kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri Áfíríkà ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ní 1904, òun àti Kiyoshi Shiga rí aró pupa kan tó wo eku sàn. Oògùn mìíràn wà tó ń jẹ́ atoxyl, tó ní májèlé àséníìkì nínú. Koch gbé e lọ sí àwọn erékùṣù Sese nínú adágún Victoria ní 1906 àti 1907, ó ń gún un fún àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ojú àwọn kan fọ́ pátápátá. Ó yẹ ká sọ èyí gbangba, nítorí pé nínú ìtàn àwọn dókítà ńlá ìgbà amúnisìn, àwọn tó fara gbá a kì í sábà ní orúkọ.

Ehrlich àti Alfred Bertheim tú atoxyl wò, wọ́n rí i pé bí wọ́n ṣe pò ó kò rí bí gbogbo ayé ṣe rò, àti pé àwọn lè tún un ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó lónírúurú ọ̀nà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n ń fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Ní 1909, Sahachiro Hata dé láti Japan. Ó mọ bí a ṣe ń kó sífílíìsì ran ehoro. Ehrlich ní kó tún gbogbo rẹ̀ dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́mbà 606, tí wọ́n ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, wo ehoro sàn.

Ẹ rántí pé nígbà náà, mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń wo sífílíìsì, tí eyín aláìsàn á sì máa yọ. Àrùn ìbálòpọ̀ yìí ń ya ènìyàn ní wèrè, ìyá ń fi bí ọmọ. Nígbà tí Ehrlich kéde 606 ní oṣù Kẹrin 1910, àwọn dókítà ya bò ó. Ó fún wọn ní nǹkan bí 65,000 ìwọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè gbọ́ bó ṣe ń ṣe lára àwọn aláìsàn, kí ilé-iṣẹ́ Hoechst tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní òpin ọdún náà lórúkọ Salvarsan.

Ẹjọ́ àti ogun

Oògùn náà le láti lò. Afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́, ó fẹ́ omi tó mọ́ tónítóní, dókítà tó bá sì ṣe àṣìṣe lè ba apá aláìsàn jẹ́. Àwọn kan kú. Ehrlich ń béèrè ìròyìn ikú kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sórí páálí pélébé-pélébé pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀, sìgá ńlá lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní 1912 ó mú nọ́mbà 914 jáde, tó rọrùn láti lò díẹ̀.

Àwọn ọ̀tá pọ̀. Àwọn kan ní ó ń fi ènìyàn wá owó, àwọn kan ní kí ló dé tó ń gba àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn, àwọn mìíràn kórìíra rẹ̀ nítorí pé Júù ni. Ní 1914, akọ̀wé ìwé ìròyìn kan, Karl Wassmann, kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn Frankfurt ń fi ipá gún àwọn aṣẹ́wó ní oògùn náà. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Ehrlich lọ jẹ́rìí, wọ́n sì rán Wassmann lẹ́wọ̀n ọdún kan. Èmi tí mò ń kọ ìròyìn gbà pé ìbéèrè bóyá àwọn obìnrin náà fọwọ́ sí i yẹ ní bíbéèrè, ohun yòówù kí ilé ẹjọ́ sọ.

Ní ọdún yẹn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀. Ehrlich fi orúkọ sí ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì 93 fi gbè sẹ́yìn orílẹ̀-èdè wọn, ohun tó dun ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú díẹ̀ ní òpin 1914. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 1915, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró ní Bad Homburg. Ẹni ọdún 61 ni. Ibojì àwọn Júù ní Frankfurt ni wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí àwọn Nazi dé orí oyè, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára òpópónà tí wọ́n fi sọ ní Frankfurt. Hedwig, opó rẹ̀, sá lọ sí Switzerland, ó sì gba ibẹ̀ kọjá sí Amẹ́ríkà, ibi tó kú sí ní 1948. Lẹ́yìn ogun, wọ́n dá orúkọ náà padà. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó 200 máàkì títí Jámánì fi gba owó yúrò. Ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Steglitz ń jẹ́ Paul-Ehrlich-Institut báyìí, ní ìlú Langen. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn antibody wò kí wọ́n tó gbà pé kí wọ́n tà wọ́n ní Jámánì.